Bí A Ṣe Dẹ́kun Kíka Ọmọ ní Ìrókò

Ìyá ìyá mi kò gbà pé ọmọ ọmọ òun ni mí títí ó fi yẹ ẹ̀yìn etí mi wò. Àmì dúdú kan wà níbẹ̀. Ìyá mi ní irú rẹ̀, òun náà sì ní. Ó fi àtàǹpàkò ra á bóyá yóò parẹ́, ó tún ra á, lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ní kí wọ́n bu omi fún mi. N kò mọ̀ bóyá irú àmì bẹ́ẹ̀ tó láti fi dá ènìyàn mọ̀, nítorí mo ti rí i lára àwọn tí kò bá wa tan. Ṣùgbọ́n n kò bá a jiyàn.

Bí mo ṣe dé Ìrókò láti Sàró nìyẹn. Sàró ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti parí ẹ̀kọ́ mi. Wọ́n jí ìyá mi gbé ní oko kan lẹ́yìn ìlú yìí nígbà tí ó wà ní ọmọdébìnrin, wọ́n sì tà á títí ó fi dé etí òkun. Ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lójú omi tí ó sì gbé e lọ sí Sàró. Kò fojú kan ilé mọ́ kí ó tó kú. Nígbà tí ogun Ìjàyè parí, tí ọ̀nà sì là díẹ̀, ìjọ ń wá ẹni tí yóò lọ kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní àwọn ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká. Mo ní kí wọ́n rán mi lọ sí Ìrókò.

Alábòójútó wa, tí ó ń gbé Ìbàdàn, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìrètí nínú ọ̀rọ̀ náà. Àgbàlagbà ni, ọmọ Sàró bíi tèmi, ó sì ti rí iléewé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin tí ó sì di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Ó ní kí n gbìyànjú rẹ̀ di ìgbà tí iṣu tuntun bá jáde, òun yóò wá wò ó. Bí iléewé náà bá dúró, èmi náà á dúró. Bí kò bá dúró, wọ́n ń fẹ́ olùkọ́ ní Èkó fún àwọn ọmọ tó ti dàgbà, ibẹ̀ ni n ó sì lọ.

Mo sọ èyí fún ìyá àgbà bí a ti jókòó tí a ń bó ẹ̀gúsí.

"Èkó," ó ní. "Ṣé létí òkun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá àgbà."

"Òkun ti gba tirẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kò ní gba ẹlẹ́ẹ̀kejì." Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ, kò wò mí. "Ọkọ mi, jẹ́ kí iléewé rẹ dúró o."

Ohun tí mo mọ̀ nípa ọmọ kékeré, obìnrin kan ni ó kọ́ mi. Erékùṣù kan ní òdìkejì òkun ni ó ti wá, níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrèké. Ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ni, ìjọ ló sì rán an wá sí Sàró kí ó wá kọ́ àwa tí a óò di olùkọ́. Ó dúdú jù mí lọ, kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa. Ó sọ fún wa pé ní ìlú òun, nítorí àwọn ìyá ni wọ́n ṣe dá iléewé ọmọ kékeré sílẹ̀: àwọn ìyá ń lọ gé ìrèké, ọmọ kò sì gbọdọ̀ wà nítòsí àdá. Ó kọ́ wa pé kí á jókòó sílẹ̀ bí a bá fẹ́ bá ọmọ ọdún mẹ́ta sọ̀rọ̀, kí ojú wa lè bá tirẹ̀ dọ́gba. Ó ní ọmọ kékeré kì í mọ ìdí tí wọ́n fi nà án, ẹni tó ń nà án nìkan ló mọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé àsọdùn ni. Mo fara balẹ̀ wo àwọn ọmọ fún ìgbà pípẹ́ kí n tó gbà á, mo sì fi nǹkan kan kún un lọ́kàn ara mi: ọmọ mìíràn mọ ìdí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mímọ̀ náà kì í dá a dúró.

Ohun kan tí olùkọ́ mi kì í fi ṣeré ni kíkà. Ní àràárọ̀, àwọn ọmọ á tò sí ìlà kan lẹ́nu ọ̀nà, a ó máa fọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó máa kà sókè, àwọn náà á sì máa kà tẹ̀lé wa.

"Mo ń kà wọ́n kí ọ̀kankan má baà sọnù," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Nílé wa, wọ́n ń ka màlúù ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó ń ka àwọn ọmọ wa."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Mo gbà pé kò sí ilẹ̀ tí kò ti ní jẹ́ òtítọ́.

Ní Ìrókò wọ́n fún mi ní yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àdúrà, ilé amọ̀ tí wọ́n fi koríko bò. Mo mọ pèpéle amọ̀ sí ara ògiri, ọ̀kan ga ju èkejì lọ bí àtẹ̀gùn, kí àwọn ọmọ lè jókòó kí gbogbo wọn sì máa rí mi, bí mo ti rí i ní Sàró. Àwọn ọmọ rí ìlò mìíràn fún un: wọ́n ń bẹ́ láti orí rẹ̀ sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń dá wọn lẹ́kun. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé ọmọ tó bá ti bẹ́ tẹ́rùn a máa jókòó jẹ́ẹ́ ju èyí tí wọn kò jẹ́ kó bẹ́ lọ, ni mo bá sọ bíbẹ́ di iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀.

Àwọn ìyá kò mú ọmọ wá nítorí ìwé. Mo fẹ́ sọ èyí kedere, nítorí mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ ní Ìbàdàn pé òùngbẹ ẹ̀kọ́ ń gbẹ ará Ìrókò. Oko ló jìnnà. Ọmọ tí wọ́n ti gbà lẹ́nu ọmú, tí kò sì lè fẹsẹ̀ rìn dé oko, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló máa ń pọ̀n ọ́n kiri títí ìyá wọn yóò fi dé. Mo ní kí wọ́n máa mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá bá mi láàárọ̀, kí wọ́n wá gbà á nígbà tí oòrùn bá yẹ àtàrí. Inú wọn dùn sí i. Onígbàgbọ́ díẹ̀ wà nínú wọn, àwọn mìíràn ń sin òrìṣà ilé bàbá wọn, àwọn Mùsùlùmí kan sì wà tí ọmọ wọn kò ì tíì tó ọmọ ilé-kéwú.

Ìyá kan wà tó máa ń kọ́kọ́ dé. Ará Ìjàyè ni. Ogun ti kó o, wọ́n sì ti tà á. Arákùnrin rẹ̀ kan tó wà ní Ìrókò ló wá a kiri tí ó sì rà á padà pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré. Ọmọ náà kì í fọhùn púpọ̀, ṣùgbọ́n orí pèpéle tó ga jù ló ti máa ń bẹ́.

Mo ń kà wọ́n láràárọ̀. Ní Sàró, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kà, ṣùgbọ́n èmi ti yí i sí Yorùbá: ení, èjì, ẹ̀ta. Mo rò pé bí mo ti yí èdè rẹ̀ padà, mo ti sọ ọ́ di tiwa nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ará Ìjàyè gbàgbé àdá rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wa, ó sì padà wá mú un. Ó bá mi níbi tí mo ti ń fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ tí mo ń kà wọ́n. Ó dúró, ó wo ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó mú àdá rẹ̀, ó sì lọ láìkí mi. Mo rò pé ó ń kánjú ni. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ibà mú ọmọ rẹ̀, kò sì mú un wá mọ́. Lẹ́yìn èyí ni àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, bí omi inú ìkòkò tó ń jò: ènìyàn kò rí ojú ibi tó ń jò, ó kàn rí i pé kò kún mọ́. Nígbà tó yá, ọmọ ẹni tó ń gbá ilé àdúrà nìkan ló kù lórí pèpéle, òun náà sì ń sunkún pé òun kò rí ẹni bá òun ṣeré.

Nígbà náà, ìtàkùn iṣu ti gun ọ̀pá rẹ̀ dé òkè. Ìyá àgbà ń wò ó, èmi náà ń wò ó.

Mo lọ sí ilé ìyá ará Ìjàyè. Ó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ọmọ náà sùn lé e lẹ́sẹ̀.

"Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ," mo ní.

"Ẹ ṣé, Tísà."

"Ṣé ara rẹ̀ ń fúyẹ́?"

"A ń wò ó."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ dìde lọ gbé ẹní wá fún mi, mo ní kí ó má jí ọmọ.

"Àwọn ọmọ kò wá mọ́," mo ní. "N kò wá bẹ̀ yín pé kí ẹ mú tiyín padà wá. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó lé wọn ni."

Ó gbé ojú kúrò lára ọmọ náà, ó wò mí. "Tísà, ta ni ẹ ń kà wọ́n fún?"

"Báwo ni, fún ta ni?"

"Ẹni tó bá ń ka nǹkan, ó ní ẹni tó fẹ́ kó o lé lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n kó wa, wọ́n tò wá báyìí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọkùnrin kan ń fọwọ́ kàn wá lórí, ó ń kà lọ, kò wo ojú ẹnì kankan. Nígbà tó kà dé òpin, ó yíjú sí ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, 'Wọ́n pé.' Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti pín wa." Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ náà. "N kò sọ pé ẹ fẹ́ ta ọmọ mi. Ojú yín ò jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́ láti mú un padà sínú ìlà yẹn. Àwọn tó kù bi mí léèrè, mo sọ ohun tí mo rí fún wọn. Ẹ má bínú."

Mo ní n kò bínú, òtítọ́ ni mo sì sọ.

"O kà wọ́n?" ni ìyá àgbà wí nígbà tí mo délé tí mo sọ fún un. Ó gbé ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹnu rẹ yìí lo fi kà wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá àgbà."

"O tún ń fọwọ́ kàn wọ́n lórí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Gbogbo ìwé tí wọ́n kó fún ọ kà ní Sàró, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Èmi tí mo bí wọn, bí ẹnì kan bá bi mí pé mélòó ni mo bí, màá ní Ọlọ́run kò ṣàìfún mi. Ìyá rẹ kò sọ fún ọ ni?"

"Kò sọ fún mi."

Ó rò ó. "Bóyá ọmọ kò pọ̀ nílé yín débi tí ẹnikẹ́ni á fẹ́ kà wọ́n."

"Èmi nìkan ni."

"Ẹ wò ó," ó ní. "Ó tún ti kà á."

Mo gbìyànjú láti gbé ọ̀rọ̀ náà lé ìwọ̀n. Pé kíkà ló fa ibà, n kò gbà á. Òjò ń rọ̀, ibà sì wà ní ilé tí ọmọ wọn kò dé ọ̀dọ̀ mi rí; bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí mo kà pẹ̀lú ọmọ náà kò ṣàìsàn. Mo ṣàlàyé èyí fún ìyá àgbà. Ó ní ọ̀rọ̀ mi gún régé, òun kò rí ibi tí òun lè dì í mú, ṣùgbọ́n kí n lọ sọ ọ́ fún obìnrin tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná lé e lẹ́sẹ̀, kí n sì padà wá sọ èsì tó fún mi fún òun. N kò lọ.

Ṣùgbọ́n pé ìlà mi jọ ìlà àwọn tó ń kó ènìyàn, ìyẹn kò ṣeé jà níyàn. Obìnrin náà ti dúró nínú rẹ̀ rí. Olùkọ́ mi ń ka ọmọ kí ọ̀kankan má baà sọnù. Àwọn tó ń kó ẹrú náà ń kà wọ́n kí ọ̀kankan má baà sọnù. Ọwọ́ kan náà ni, orí kan náà ni, iye kan náà ni. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ wà nínú ọkàn ẹni tó ń kà, ìyá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò sì lè rí inú ọkàn.

Síbẹ̀, n kò lè fi kíkà sílẹ̀ kí n má fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀. Igbó wà lẹ́yìn ilé àdúrà, odò sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá yọ́ jáde, mo gbọ́dọ̀ tètè mọ̀. Nínú èyí, ìdí tí olùkọ́ mi fi ń kà kò yẹ̀.

"Lọ bi Ààfáà," ni ìyá àgbà wí. "Òun náà ń kó ọmọ ọlọ́mọ jọ. Òun náà kì í ṣe ará ibí."

Ará Tápà ni Ààfáà náà. Ó ti pẹ́ ní Ìrókò, abẹ́ igi odán kan létí ilé rẹ̀ ló sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá, a máa ń kí ara wa, ṣùgbọ́n n kò yà síbẹ̀ rí. Mo rò pé olúkúlùkù wa ń ṣọ́ ọmọ tirẹ̀ kí èkejì má baà fà á lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ààfáà."

"Tísà pèpéle òfìfo," ó ní, ó sì na ọwọ́ sí ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Mo gbọ́ pé wọ́n ti sá fún ọ. Jókòó."

"Wọ́n sá."

"Wọ́n sá fún èmi náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa. Ọmọ tó ń kọ́ kéwú nílé wa, ó ń gbé igbá lọ sí ẹnu ọ̀nà onílé, ó ń tọrọ oúnjẹ rẹ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ ló fi ń kọ́. Mo rán àwọn ti ibí náà jáde. Ìgbà tí n ó fi gbójú sókè, ìyá kan ti dé pẹ̀lú ọmọ orógùn tó fi ń ro ọkà lọ́wọ́. Ó ní ṣé òun ti kú ni, tí ọmọ òun fi ń tọrọ jẹ láàárín ìlú."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Kí ni n ó ṣe? Ọmọ orógùn náà tóbi. Mo ní kí wọ́n máa lọ jẹun nílé ìyá wọn. Ìrẹ̀lẹ̀, mo wá ọ̀nà mìíràn fi kọ́ wọn."

Àwọn ọmọ tó wà níwájú wa rẹ́rìn-ín, ó bojú wò wọ́n, wọ́n sì padà sí kéwú wọn. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń mọ̀ bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ṣáko.

Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ júwe ara ògiri. "Kí lo rí níbẹ̀ yẹn?"

"Wàláà," mo ní. Pákó tí wọ́n ń kọ kéwú sí ni, tí wọ́n máa ń fọ̀ tí wọ́n sì tún ń kọ nǹkan sí.

"Mélòó ni?"

Mo fẹ́ dáhùn, mo dákẹ́.

"Wàláà kò ní ìyá," ó ní. "Kà á."

"Méjì."

"Ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ó bá bàbá rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ọ̀yọ́. Èkejì, inú ń run ún, ìyá rẹ̀ ti wá sọ. Ọmọ tó bá dé á mú tirẹ̀ kúrò lára ògiri. Èyí tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Tísà, n kò mọ iye àwọn tó jókòó yìí, n kò sì bi ara mi rí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ṣáko, mo mọ ilé tí n ó sáré lọ."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilẹ̀ Tápà nìyí?"

"Bí ẹni tó kọ́ mi ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èyí, mo gbé e wá, wọ́n gbà á. Igbá, mo gbé e wá, wọ́n fi lé mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Bí mo ṣe ń lọ sílé, mo rí i pé àyà mi kò wúwo mọ́. Látìgbà tí mo ti dé Ìrókò, mo rò pé iye àwọn ọmọ ni mo ń wá láràárọ̀. Kì í ṣe iye. Ọmọ tí kò sí níbẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀, iye kò sì sọ orúkọ ẹnì kankan fún mi rí.

N kò lè mú wàláà lò. Ìdajì àwọn ìyá á ní mo ti sọ ọmọ àwọn di Mùsùlùmí, àwọn Mùsùlùmí á sì ní mo ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò omi kan wà ní igun yàrá wa, ahá kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn ọmọ sì ń fi mu omi nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìjà. Kò sí ilé tí kò ní ahá. Igbá kékeré lásán ni, kò sì sí méjì tó jọra: ọ̀kan ní àpá irin gbígbóná lára, ọ̀kan ti sán tí wọ́n sì fi òwú rán an, ọ̀kan dúdú létí nítorí èéfín.

Ọ̀dọ̀ ìyá ará Ìjàyè ni mo kọ́kọ́ lọ. Ibà ti fi ọmọ náà sílẹ̀. Mo bá a lórí ọlọ ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń bẹ́ sílẹ̀, kò sì sí ohun tí mo rí lọ́dún náà tó tù mí lára tó o.

"Kò ní sí ìlà mọ́," mo sọ fún ìyá rẹ̀. "Kò ní sí kíkà. Ẹ fún mi ní ahá tí yóò máa fi mu omi, a ó máa dojú rẹ̀ dé ní igun yàrá. Bó bá dé, á ṣí i sókè. Bí mo bá rí i tó ṣì dojú dé, mo mọ̀ pé ọmọ yín kò sí lọ́dọ̀ mi, n ó sì wá bi yín."

"Bí mo bá fẹ́ wá wò ó fúnra mi ńkọ́?"

"Ẹ wá nígbàkígbà."

Ó wá. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọmọ rẹ̀ fi parí. Ní ọjọ́ kejì ó jókòó, ó ń ran òwú. Lẹ́yìn náà ó mú àdá rẹ̀, ó lọ sí oko. Nígbà tí àwọn yòókù rí i pé ó lọ sí oko, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú ahá wá. Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà. Àwọn kan wà tí n kò rí mọ́, n kò sì lọ yọ wọ́n lẹ́nu.

Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ mọ ahá ara wọn kí èmi tó mọ̀ ọ́n. Kí n tó bojú wo igun yàrá ní òwúrọ̀, wọn á ti sọ fún mi pé ti ọmọ ìyá elépo ṣì dojú dé, pé ẹsẹ̀ ń dùn ún, pé eèrà ló jẹ ẹ́, pé ó sunkún. Ìlà Sàró kò fi irú èyí kọ́ wa rí. Mo rán ẹnì kan tó ń padà sí Sàró kí ó sọ gbogbo rẹ̀ fún olùkọ́ mi. Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Ó ní òun yóò máa ka tòun lọ, nítorí ibi tí òun ti wá. Ṣùgbọ́n kí n fi ahá kan ránṣẹ́ sí òun kí òun rí i.

Iṣu tuntun jáde. Alábòójútó gun ẹṣin wá láti Ìbàdàn. Àwọn ìyá ti gbọ́, wọn kò lọ sí oko, wọ́n kún ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbà wà láàárín wọn, ó ti fi ọ̀já di ìbàdí bí ẹni tó fẹ́ jà.

Àwọn ọmọ bẹ́. Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi òkúta kéékèèké tò bí ilé ṣe tò láàárín ìlú, ọ̀kan sì fi òkúta tó pè ní ewúrẹ́ rẹ̀ sí inú ààfin baálẹ̀. Alábòójútó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó na ìka rẹ̀ sí orí pèpéle, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ení, èjì…"

Ìyá ará Ìjàyè ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Mo mọ̀ pé bí ìka yẹn bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, yóò gbé ọmọ náà lọ, àwọn yòókù á sì tẹ̀lé e, Èkó ni n ó sì sùn kí oṣù tó parí. N kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà.

"Ẹ jọ̀wọ́, bàbá," mo ní, "ẹ má kà wọ́n."

Ó yíjú sí mi. "Kí ló dé? Ṣé wọn kò tó bí o ti wí ni?"

"Wọ́n tó. Ẹ ka ahá wọn. Èyí tó bá ṣíjú sókè, ẹni tó ni ín wà níhìn-ín."

Ìka rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó wo àwọn ìyá. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé nǹkan kan fún un, ṣùgbọ́n ọmọ ẹni tí wọ́n kó gba inú òkun ni òun náà, mo sì rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó rìn lọ sí igun yàrá, ó tẹríba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ahá.

"Ẹ kà á dáadáa o, bàbá," ni ìyá àgbà wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ahá kì í kú. Bó bá sán, a ó rán an."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ìyá ará Ìjàyè yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ padà síta.

"Ọ̀kan dojú dé níbí," ni alábòójútó wí. "Ti ta ni?"

Kí n tó yanu, àwọn ọmọ ti dá a lóhùn láti orí pèpéle: ti ọmọ onígbá ni, ó bá ìyá rẹ̀ àgbà lọ sí Ìbàdàn, wọ́n lọ kí ẹni tó bímọ, wọn ò sì mú òun lọ, ni ọ̀kan nínú wọn fi kún un.

Nígbà tí mo sìn ín dé ibi tó so ẹṣin mọ́, ó ní, "Àwọn ọmọ náà ni mo kà, ìwọ náà mọ̀."

"Mo mọ̀, bàbá. Iye kan náà ni."

"Kí ló wá yàtọ̀?"

Mo ronú lé e. "N kò lè sọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n rẹ́rìn-ín."

Ó gun ẹṣin rẹ̀. "Ní Ìbàdàn," ó ní, "mo ní olùkọ́ tó lè sọ iye ọmọ rẹ̀ fún mi láìwẹ̀yìn. Bí mo bá bi í pé ta ni kò wá, á máa wo àjà." Ó fa okùn ìjánu. "N ó wá ẹlòmíràn fún Èkó."

Ìyá àgbà kò bi mí ní nǹkan kan nígbà tí mo padà délé. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní kí n bọ́ aṣọ Sàró yẹn sílẹ̀, kí n wá. Ó mú ọkọ́ kan, ó sì mú mi lọ sí ẹ̀yìn oko rẹ̀, níbi ilẹ̀ kan tí igbó ti bò.

"Láti ibi ọ̀pẹ yẹn dé ìdí àràbà," ó ní, "ti ìyá rẹ ni. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá a láti ọjọ́ yìí wá. Ṣán an. Bí o bá ṣán an tán, kọ ebè sí i kí òjò tó dá."

"Ìyá àgbà, ìwé ni mo mọ̀. N kò kọ ebè rí."

"Mo rí i lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó bá kọ ebè lọ́dún yìí, ó di dandan kó wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ láti wa iṣu rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ àràbà, ó ń sọ fún mi pé mo di ọkọ́ mú bí ẹni tó fẹ́ fi kọ̀wé, pé ebè mi kéré, pé ó tẹ̀, pé adìẹ á tú u ká. Nígbà tó ṣe, kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo bojú wẹ̀yìn. Ó ti sùn lọ, ó fẹ̀yìn ti igi, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Mo rọra ń kọ ebè mi lọ.